Èbù Tí Ìyá Bọ́lá Fọ̀

Òmù-Àrán,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ro mí,

Jókòó kó o tó ka ìwé yìí. Bó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ wà lórí iná, sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé wàá ní, "Kí ló dé tí Màmá ò pè mí lórí fóònù?" Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, o ní ẹ wà ní ìpàdé àdúrà, pé wàá pè mí padà. Nígbà kejì, o dúró gbọ́ mi dáadáa, èmi gan-an ni ẹnu mi kọ̀. Mo wá ń bi ọ́ bóyá ẹ̀wà tí mo gbé wá fún yín ti tán. Nítorí náà ni mo ṣe wá ìwé àti bírò. Tísà ni mí, ọwọ́ mi máa ń láyà ju ẹnu mi lọ.

Ẹnu ṣì ń yà mí, ọmọ mi. Láti ọjọ́ Àìkú tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín ní Ganmo ni ara mi ti bù máṣọ. Aládùúgbò wa rí mi, ó bi mí bóyá ẹnì kan kú níbi tí mo lọ. Mo ní rárá o, ọmọ mi tó fẹ́ pásítọ̀ ni mo lọ kí. Ó ní ṣé nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń ṣe bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó?

Ó ṣeé ṣe kí ìwọ má tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kankan ṣẹlẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀yin obìnrin kó ara yín jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo gbé ìrẹsì sọ́wọ́, inú mi ń dùn. Mo ń wo ọmọ mi, ìyàwó oṣù mẹ́jọ tí kò tíì mọ ata lọ̀ dáadáa, tí àwọn ìyá ńlá ń pè ní Mọ́mì. Sístà Rúùtù wá dìde, ó ní kí ẹ bá òun gbàdúrà, pé oyún kẹta ló tún bàjẹ́ lára òun yẹn. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. O gbé ọwọ́ lé e léjìká, o sì sọ pé, "Sístà Rúùtù, ẹ yẹ ara yín wò. Ọlọ́run kì í ṣèké. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn yín ló ń lé àwọn ọmọ náà lọ. Ọjọ́ tí ìgbàgbọ́ yín bá dúró, oyún yín náà á dúró."

Àwọn obìnrin ní "Àmín!" Àmín, Mojísọ́lá! Sí ohun tó jẹ́ èpè, wọ́n ní àmín.

Rúùtù tó fi ọdún méje tàbí mẹ́jọ jù ọ́ lọ sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì." Mo gbé àwo ìrẹsì kalẹ̀. Ìwọ rò pé mo ti yó.

Ká ní ìkà lo fi sọ ọ́ ni, ǹ bá ti bá ọ wí lójú ẹsẹ̀, ká jọ jà á, kó tán. Ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Ohùn rẹ rọ̀, omi wà lójú ìwọ náà. Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn, nítorí pé ohùn mi ni mo gbọ́. Mo gbọ́ ara mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún, ní abúlé kan lẹ́yìn Agbamu, níwájú obìnrin mìíràn tó kúnlẹ̀ tó ní "Ẹ ṣeun, Tísà." Bàbá rẹ kú láì gbọ́ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti ṣubú, mo sì ti ń wo ẹ̀yìn láti ọjọ́ Àìkú.

Wọ́n gbé mi lọ sí abúlé náà bí mo ṣe jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Mo ń kọ́ni ní ilé ìwé láàárọ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo ń kọrin nínú kọ́yà, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, nítorí pé èmi nìkan ni mo mọ̀wé nínú wọn. Orí mi wú bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó jinná. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí mi ò ní àlàyé fún. Bí adìyẹ ẹnì kan bá kú, mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á.

Opó kan wà ní ilé tó kángun sí tèmi, Ìyá Bọ́lá. Ọmọ méjì ló ní: Bọ́lá, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, àti Ọládélé, ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta tó máa ń sùn sí ẹsẹ̀ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló kọ́kọ́ gbé iṣu wá fún mi nígbà tí mo dé. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ a máa gbé iṣu lọ sí ojú orórì àwọn baba ńlá wọn, Ìyá Bọ́lá náà a sì gbé tirẹ̀ fún wọn. Ó ní nítorí àwọn ọmọ òun ni, kí wọ́n má bàa di àjèjì nínú ilé baba wọn. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀melòó kan pé ẹsẹ̀ méjì kì í wọ bàtà kan.

Lọ́dún náà, ọ̀gá àgíríkì kan gun alùpùpù wá láti Òmù-Àrán, ó gbé páúdà apakòkòrò wá fún ẹgbẹ́ obìnrin, kí wọ́n fi pa èbù lára. Ìwọ ọmọ ìgboro, ṣé o ṣì rántí èbù? Iṣu tí a gé wẹ́wẹ́ fún gbígbìn ni. Eérú ni àwọn ìyá wa fi ń pa á lára. Bí ebi bá le, ènìyàn lè ṣan eérú náà kúrò kó se èbù jẹ, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àfi ìtìjú. Ìtìjú náà kò kéré. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó bá jẹ èbù ti di ẹni ẹ̀sín. Wọ́n á ní ó ti jẹ ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọdún yìí. Páúdà tí ọkùnrin náà gbé wá kò sì yàtọ̀ sí eérú lójú.

Ohun méjì ló ní kí n sọ fún wọn. Ó ní kí wọ́n fi pa èbù lára kó tó di pé wọ́n gbìn ín. Ó tún ní ohunkóhun tí páúdà náà bá ti kàn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ mọ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fi omi odò kan fọ̀ ọ́. Ó ní, "Tísà, ẹ sọ ìyẹn fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta o."

Mo pọ́n páúdà náà sínú ìwé tí mo ya nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé mi, mo pín in kárí. Mo sọ èkíní. Kọ́yà sì ń dúró dè mí. Ìṣẹ́jú tó kù tó yẹ kí n fi sọ èkejì, mo fi gba wọ́n níyànjú lórí ìgbàgbọ́, pé ẹni tó bá gbin èbù pẹ̀lú iyèméjì, iyèméjì ló máa wà jáde. Wọ́n ṣe àmín fún èmi náà. Mo sáré lọ kọrin. Bí mo ṣe gbàgbé èkejì nìyẹn, Mojísọ́lá. Kò sí àlàyé mìíràn.

Òjò kọ̀, kò rọ̀ lọ́dún náà. Wọ́n ti kọ ebè, wọ́n ti pa èbù lára, ilẹ̀ gbẹ. Oúnjẹ tán nílé àwọn tí kò lọ́kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń múra ilé ìwé nígbà tí ẹnì kan sáré wá pè mí pé àwọn ọmọ Ìyá Bọ́lá ń kú lọ. Èmi àti àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì méjì la jọ wọlé. Àwọn ọmọ náà ń bì, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, wọ́n ń gbọ̀n. Ojú Ọládélé ti yí. A gbàdúrà. Mi ò kábàámọ̀ àdúrà yẹn, mo ṣì ń gbà á títí di òní. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo ń kábàámọ̀.

Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, ohun tí a bá gbìn la ó ká. Ẹ jẹ́wọ́, kí Ọlọ́run lè ráyè wọlé."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ iṣu tó gbé fún àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ráhùn sí Ọlọ́run lọ́jọ́ tí ọkọ òun kú. Ó jẹ́wọ́ ìjà, ó jẹ́wọ́ ìlara. A jókòó, a ń gbọ́ ọ, a ń mi orí, àwọn ọmọ sì ń gbọ̀n lórí ẹní. Kó tó jẹ́wọ́ tán, iná tó wà lábẹ́ ìkòkò rẹ̀ ti kú. Ìgbà náà la tó gbé wọn lọ sí dìsípẹ́ńsárì.

Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo àwọn ọmọ náà, ó bi ìyá wọn pé, "Kí ni wọ́n jẹ?"

Ó wo ojú mi. Èmi ló wò, Mojísọ́lá, kò wo ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ̀kọ ni."

Ọkùnrin náà tọ́jú wọn bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bọ́lá bì títí, ó sì yè é. Ọládélé kú kí oòrùn tó yí.

Ní ọjọ́ kẹta, àgbà ilé ọkọ rẹ̀ wá, ó ní ẹ̀yìn tó kọ sí àwọn baba ńlá láti máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló fà á. Àwa ní ẹ̀yìn tí kò kọ sí wọn tán ló fà á. Láti ìgbà tí mo ti dé abúlé náà, ìjọ wa àti ilé ọkọ rẹ̀ kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan rí, àfi lórí pé Ìyá Bọ́lá ló jẹ̀bi. Mo ní kí ìjọ gbàdúrà fún un pé ó ń ki ẹsẹ̀ méjì bọ bàtà kan, mo wá lọ tù ú nínú. Mo ní Ọlọ́run ti dárí jì í. Òun ló wá kúnlẹ̀ tó ní "Ẹ ṣeun, Tísà." Mo sì gbà á, mo ní kò tọ́pẹ́.

Nígbà tí òjò rọ̀, ẹgbẹ́ obìnrin ṣe ọ̀wẹ̀ fún un, a lọ bá a gbin iṣu. Ebè rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èbù tó kó jáde kò kún agbọ̀n kan. Mo bi Bọ́lá níbi tí a jọ ń gbìn pé èbù yòókù dà. Ọmọdé kò mọ ohun tí à ń fi pa mọ́. Ó ní, "A ti jẹ ẹ́, Tísà. Màmá fi omi fọ eérú tí ẹ fún wọn kúrò lára rẹ̀, wọ́n wá sè é. Èmi kò jẹ púpọ̀, ó korò. Ọládélé ló jẹ tèmi mọ́ tirẹ̀."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Eérú tí ẹ fún wọn! Ìyá Bọ́lá gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ, ó sáré wá, ó di ìró mi mú, ó ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà bo òun láṣìírí, kí ayé má gbọ́ pé òun jẹ èbù. Ìtìjú èbù ló ń bẹ̀ mí fún. Kò mọ̀ pé páúdà ló pa ọmọ òun. Èmi ti mọ̀. Mo wò ó lójú, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní sọ."

Ìwọ náà rò ó wò, ọmọ mi. Mo fi àṣírí rẹ̀ bo àṣírí mi. Nígbà tí mo tún pàdé ọ̀gá àgíríkì náà, mo bi í bí páúdà yẹn ṣe máa ń ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ó ní wọ́n á bì, itọ́ á máa dà, wọ́n á máa gbọ̀n. Ó wá tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ṣé ẹ sọ fún wọn ṣá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún mi ní tìràńsífáà sí Òmù-Àrán nígbà tí ọdún ilé ìwé parí. Mo lọ́kọ, mo bí ọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún.

Wàá bi mí, mo mọ̀ ọ́, o ti máa ń jiyàn láti kékeré: "Màmá, ṣé ẹ wá ń sọ pé ìwà àti ìgbàgbọ́ ènìyàn kì í fa nǹkan fún un ni?" Ó ń fà á o. Ọ̀lẹ á jìyà ọ̀lẹ, ẹni tó ń mu ọtí yóò rí èrè ọtí. Èmi gan-an ni ẹ̀rí, ìwà mi fa ikú. Ṣùgbọ́n orí ta ló já lé? Kò já lé mi lórí. Mo jẹun yó lọ́jọ́ tí Ọládélé kú. Ohun tí mi ò rò rí nìyẹn nígbà tí mo ń wàásù: pé ìyà lè wà lára ẹnì kan kí ìwà tó fà á wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kódà kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wàásù fún un. Àwọn ìyà mìíràn sì wà tí mi ò mọ ohun tó fà wọ́n, mi ò sì ní mọ̀ ọ́n títí màá fi kú. Mo ti kọ́ láti máa sọ "mi ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ó wúwo lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń pè ní Mọ́mì.

Nítorí náà, Àṣàkẹ́, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́.

Èkíní: kó o tó bi ẹni tó wà nínú ìrora léèrè ohun tó gbà gbọ́, bi í léèrè ohun tó jẹ. Bi í léèrè omi tó ń mu, iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi tó ń dùn ún. Bi í bó bá ti rí dókítà. Bi ara rẹ náà léèrè ohun tí ìwọ fún un.

Èkejì: ẹni tí o bá ti sọ di ẹlẹ́ṣẹ̀ kò ní lè bá ọ sọ òtítọ́ mọ́. Ìyá Bọ́lá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó dá àti èyí tí kò dá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gba ọmọ rẹ̀ là ló gbé mì, nítorí pé ojú mi wà níbẹ̀. Má jẹ́ kí ojú rẹ máa pa òtítọ́ mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù rẹ, wọn ò nífẹ̀ẹ́ rẹ, bó ti wù kí wọ́n pè ọ́ ní Mọ́mì tó.

Mo ní ẹ̀kẹta lọ́kàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, lórí ọkọ rẹ àti bó ṣe yẹ kí ẹ máa sinmi, ṣùgbọ́n kò ṣe pàtàkì mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni kí n sọ.

Lánàá, mo wọ mọ́tò lọ sí Agbamu, mo gun ọ̀kadà dé abúlé náà. Mo bá Ìyá Bọ́lá lábẹ́ òrùlé, ó ti darúgbó, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò dá mi mọ̀ títí mo fi dárúkọ ara mi. Inú rẹ̀ dùn! Ó ní, "Tísà wa!" Ó fẹ́ dìde kí mi, mo ní kó jọ̀ọ́, kó jókòó. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí alùpùpù ọ̀gá àgíríkì títí dé irọ́ tí mo pa fún un.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀gúsí. Ohùn Ìgbómìnà wa ló fi sọ̀rọ̀, mo kàn ń kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé ìwé ni. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe èmi?"

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin, Màmá."

Ó ní, "Kì í ṣe iṣu tí mo gbé fún wọn?"

Mo ní kì í ṣe iṣu náà.

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, "Tísà, ṣé kì í ṣe èmi lóòótọ́?" Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ dìde. Bọ́lá wà lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ kí n pè é, kí ẹ sọ ọ́ kó gbọ́."

Bọ́lá wọlé, ìyá ọlọ́mọ ni òun náà báyìí, irun rẹ̀ ti ń funfun. Mo tún un sọ. Mo rò pé yóò bú mi, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Kò bú mi. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n lù. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí a bá ti jà ni mo máa ń sọ fún Màmá pé àwọn ni wọ́n pa àbúrò mi."

Háà! Mojísọ́lá! Ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ obìnrin náà ti fi ń bú u fún ogójì ọdún ó lé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Èyí tí mo jẹ́ kó bọ́ kò tilẹ̀ fọ́, ó di òròmọdìyẹ, ó bí ọmọ, ó ń gbé inú ilé wọn.

Ìyá Bọ́lá kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Ohun kan ló béèrè. Ó ní, "Níwájú ìjọ lẹ ti ní kí wọ́n gbàdúrà fún mi pé mò ń ki ẹsẹ̀ méjì bọ bàtà kan. Ṣé ẹ máa wá sọ èyí náà níwájú ìjọ? Àwọn kan ṣì wà láyé tí wọ́n gbọ́ tàkọ́kọ́." Mo ní màá wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti àwo ẹ̀gúsí sọ́dọ̀ mi, a jọ ń bó o títí ọ̀kadà tó máa gbé mi padà fi dé.

Wàyí o, Rúùtù. Lẹ́yìn tí gbogbo yín ti tú ká lọ́jọ́ Àìkú, mo bá a níbi ẹ̀rọ omi, ó ń fọ àwọn àwo tí ẹ fi jẹun. Mo bi í ohun tí àwọn dókítà sọ lórí oyún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní òun kò dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan rí, pé bí òun bá lọ, á dà bíi pé òun kò gbàgbọ́. Ó ní Mọ́mì ní kí òun dúró lórí ọ̀rọ̀. Ó wá wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó gbé ẹnu sí etí mi. Oyún ti tún wà níbẹ̀. Oṣù méjì. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò tíì mọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù kí ẹ̀rù òun má tún lé e lọ. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní mi ò ní sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an tún jáde lẹ́nu mi, mo sì dúró níbi ẹ̀rọ omi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló gbé mi dé Agbamu lánàá. Mo ti pa irú àṣírí bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí, mo sọ ọ́. Bí Rúùtù bá bínú sí mi, kó bínú, kó ṣáà gbé ọmọ rẹ̀ dání.

Nítorí náà, bí o bá ti ka ìwé yìí tán, wọ bàtà rẹ. Lọ bá a nílé, ìwọ nìkan. Má gbé ẹsẹ Bíbélì kankan lọ. Kúnlẹ̀ fún un, ó jù ọ́ lọ. Sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ẹ dìde, ká jọ lọ rí dókítà." Bá a lọ, jókòó tì í títí wọ́n á fi pè é. Gbàdúrà bó o ṣe jókòó. Kò sí dókítà tó ní kó o má gbàdúrà.

Bó bá wá di ọjọ́ Àìkú, má sọ ọ̀rọ̀ oyún rẹ̀ síta, tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe àmín gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé ọ̀rọ̀ tí o sọ sí i kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó máa ná ọ. Ìyàwó oṣù mẹ́jọ ni ọ́, wọ́n á máa wò ọ́, inú ọkọ rẹ lè má dùn. Mo mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí èmi fi sá fún un títí irun mi fi funfun.

Ìsìn abúlé Ìyá Bọ́lá àti tiyín, aago mẹ́sàn-án ni méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pè mí lẹ́yìn ìfilọ̀. Èmi yóò dìde lọ́hùn-ún lẹ́yìn Agbamu, Ìyá Bọ́lá á jókòó níwájú mi. Dìde ní Ganmo, ọmọ mi. Rúùtù ti ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ni. Má jẹ́ kó bi í fún ogójì ọdún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ, tí ẹ̀rù sì ń bà.